Nígbà Tí A Lẹ Orúkọ Tuntun Mọ́ Ìwé Àtijọ́

Mo rántí ìgbà tí òórùn epo pupa àti òórùn bébà káábọ́nù jọ ń gbé inú yàrá kan ṣoṣo. Ilé ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ ọlọ́pẹ ni yàrá náà wà, ní Ifangni, lẹ́bàá ọ̀nà tó lọ sí Igolo. Lẹ́yìn ògiri wa ni wọ́n ń to àwọn kẹ́ẹ̀gì epo sí kí ọkọ̀ tó wá kó wọn. Níwájú ògiri ni tábìlì mi wà, tòun ti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan tó dàgbà jù mí lọ. Bí oòrùn bá ti mú, epo á máa yọ́ lẹ́yìn ògiri, èmi náà á máa làágùn níwájú, ìka mi á sì dúdú bí ìka ẹni tó ń fọ ìkòkò. Títí di òní, bí mo bá ṣí ìgò epo tuntun, etí mi a máa wá ariwo ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kiri.

Ọ̀dọ́mọbìnrin ni mí nígbà náà. Àjàṣẹ́ ni mo ti kọ́ iṣẹ́ ìtẹ̀wé, ọ̀gá tó kọ́ wa níbẹ̀ sì ṣe àṣìṣe ńlá kan: ó yìn mí níwájú gbogbo kíláàsì pé ìka mi yá. Láti ọjọ́ náà ni mo ti gbà pé kò sí ìṣòro kan láyé yìí tí ìka tó yá kò lè yanjú. Bí mo bá ń tẹ̀wé, ẹnu ọ̀nà ni mo máa ń wò. N kò retí ẹnikẹ́ni o. Mo kàn fẹ́ kí àwọn tó ń kọjá lọ rí i pé n kò wo ọwọ́ mi ni. Ẹni tó bá rí mi nígbà náà á rò pé èmi ni mo gbin gbogbo ọ̀pẹ tó wà ní agbègbè yẹn.

Bàbá Akọ̀wé ni olórí wa. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ó ti ń ṣiṣẹ́ akọ̀wé láti ayé òyìnbó, kì í sì í yára ṣe ohunkóhun, àfi kó yára sọ pé rárá. Iṣẹ́ ilé náà kò ṣòro lóye. Bí àgbẹ̀ kan bá fẹ́ gbin ọ̀pẹ sórí ilẹ̀ ẹbí, òun àti àwọn ẹlẹ́rìí rẹ̀ á wá sọ́dọ̀ wa, a ó sì kọ àdéhùn wọn sílẹ̀: ibi tí oko wà, àwọn tó bá a pààlà, ẹni tó ni ilẹ̀, ẹni tó ni igi. Èmi á fi bébà káábọ́nù sáàárín ìwé méjì, mà á tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, yóò sì di méjì. Ti òkè, tó mọ́ tónítóní, á lọ sínú àpò ìwé abúlé àgbẹ̀ náà, èyí tí a ń pè ní dòsíè. Ti ìsàlẹ̀, tó fẹ́lẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà, á lọ sínú kírónò. Àpótí onígi kan tó ní kọ́kọ́rọ́ ni kírónò wa, ìwé inú rẹ̀ sì tò tẹ̀lé ara wọn bí ọjọ́ ṣe ń tẹ̀lé ọjọ́. A kì í yọ ìwé kúrò níbẹ̀, a kì í sì í pa nǹkan rẹ́ níbẹ̀. Bí àdéhùn bá yí padà, òmíràn la ó kọ, pẹ̀lú ọjọ́ tirẹ̀, èyí àtijọ́ á sì wà níbi tó wà.

Ohun tó máa ń bí àwọn àgbẹ̀ nínú ni pé Bàbá Akọ̀wé kì í gbà kí wọ́n tẹ̀ka sí ìwé kan ṣoṣo. Wọ́n gbọ́dọ̀ tẹ̀ ẹ́ sí ti òkè, kí wọ́n tún ti àtàǹpàkò bọ yíǹkì, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí ti ìsàlẹ̀. "Bàbá, ṣé ẹ fẹ́ fi àtàǹpàkò wa se ọbẹ̀ ni?" ni àwọn obìnrin máa ń bi í. Òun á ní, "Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àkísà mi lẹ̀ ń wò yẹn. Ẹ tẹ̀ ẹ́ jàre." Wọ́n á tẹ̀ ẹ́, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á sì fi ìka nu ara ògiri wa bí wọ́n bá ń jáde lọ. Ògiri náà ti kún fún àtàǹpàkò débi pé ẹni tí kò mọ̀dí á rò pé ọ̀dà tuntun ni. Èmi ní tèmi, mo ka gbogbo rẹ̀ sí ìfàsẹ́yìn. Kí wọ́n tó nu ọwọ́ tán, mo ti tẹ ìwé ẹlòmíràn.

Ìyípadà ti wọ̀lú nígbà náà. Rédíò ń kọrin ìjà láti òwúrọ̀ di alẹ́, a sì ń ṣe ìpàdé lórí ohun gbogbo, títí kan ìpàdé tí a fi ń mú ọjọ́ ìpàdé. Lọ́jọ́ kan, wọ́n kéde pé orúkọ orílẹ̀-èdè wa ti yí padà. Kò sí Dàhòmẹ̀ mọ́, Bẹ̀nẹ̀ la ó máa jẹ́. Ìlú jó, èmi náà jó. Ẹnì kan á ké "Éhúzù!", ìyẹn lédè Fọ̀n pé ó ti yí padà, gbogbo wa á dáhùn pé "Dandan!" Inú mi dùn tọkàntọkàn, n kò ní purọ́. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n fọ aṣọ ilé gbogbo lọ́jọ́ kan, tí wọ́n sì sá a sóòrùn.

Kò pẹ́ tí ìgbìmọ̀ àwọn ọ̀dọ́ fi rán ọ̀dọ́mọkùnrin kan sí wa láti bójú tó bí ilé wa ṣe ń yí padà. Kámárádì ni òun fúnra rẹ̀ ní kí a máa pè é, Kámárádì náà ló sì ń pe gbogbo èèyàn. Ó ti pinnu pé òun kò ní pe ẹnikẹ́ni ní bàbá tàbí ìyá lẹ́nu iṣẹ́ mọ́, nítorí pé gbogbo wa ti dọ́gba. Ṣùgbọ́n ọmọ Ifangni ni, wọ́n sì ti kọ́ ọ nílé. Tó bá wọlé láàárọ̀, á dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú Bàbá Akọ̀wé, á ní, "Kámárádì, ẹ káàárọ̀ o, ṣé ẹ jíire?" Bàbá á ní kó dìde, á sì rọra yí ojú sí ògiri kí a má baà rí ẹ̀rín rẹ̀.

Àṣẹ tí Kámárádì gbé wá ni pé àwọn aláṣẹ ń bọ̀ wá yẹ ìwé wa wò, kò sì gbọdọ̀ sí ìwé kan nínú ilé náà tí yóò ṣì máa jẹ́ Dàhòmẹ̀, ìbáà jẹ́ tuntun, ìbáà jẹ́ àtijọ́. Bàbá Akọ̀wé yọ awò ojú rẹ̀.

"Ìwé tuntun, orúkọ tuntun, n kò bá yín jiyàn," ló wí. "Ìwé àtijọ́, ẹ jẹ́ kó máa jẹ́ orúkọ tó ń jẹ́ lọ́jọ́ tí wọ́n bí i."

"Àṣẹ ni, Kámárádì Bàbá."

"Bọ̀n, ó dáa. Bó bá jẹ́ àṣẹ, ẹ jẹ́ ká mú dòsíè kan ṣoṣo, ká ṣe é, ká gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kírónò, ká fojú wo ohun tí ọwọ́ wa ṣe. Bó bá dára, ká ṣí èkejì. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́."

Kámárádì ní ìyípadà kì í fi ẹ̀sọ̀ rìn. Ó yíjú sí mi, ó bi mí bóyá ìka mi lè ṣe é tán kí àwọn aláṣẹ tó dé. Ó ní eyín funfun, ó sì ti gbọ́ nípa ìka mi. Mo dáhùn kí ó tó pa ẹnu dé.

Báyìí la ṣe ṣe é. Mo tẹ orúkọ tuntun náà láti òkè ìwé dé ìsàlẹ̀, ojú ìwé lẹ́yìn ojú ìwé, a sì fi sìsọ́ọ̀sì gé e ní pélébé pélébé. Níbikíbi tí a bá ti rí Dàhòmẹ̀, a ó lẹ pélébé kan lé e lórí, ìbáà jẹ́ lókè níbi orúkọ orílẹ̀-èdè, ìbáà jẹ́ nísàlẹ̀ lórí òǹtẹ̀. Gọ́ọ̀mù ti wọ́n lọ́jà, Kámárádì ló wá rántí pé ẹ̀gẹ́ kò wọ́n wa. Ìyá rẹ̀ bá wa se omi ẹ̀gẹ́ títí tó fi ki, irú èyí tí àwọn alágbàfọ̀ fi ń mú aṣọ le. Ó mú bébà dan-in-dan-in, ó sì ń tàn. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la yìn ín, títí kan Bàbá Akọ̀wé, tó ní ohun tí omi bá lẹ̀, omi lè ṣí i. Kò sí ẹni tó rántí nínú wa pé àwa nìkan kọ́ ni ẹ̀gẹ́ máa ń wù.

Orí kírónò la ti jà. Kámárádì ní kí Bàbá ṣí àpótí náà, kí a lẹ ti inú rẹ̀ náà. Bàbá Akọ̀wé kò pariwo. Ó jókòó lé àpótí náà lórí, ó fi kọ́kọ́rọ́ sí àpò agbádá rẹ̀, ó ní, "Ọmọ mi, dòsíè ni wọ́n fẹ́ wò. Ẹ kọ́kọ́ parí dòsíè." Odindi àárọ̀ ló fi jókòó bẹ́ẹ̀. Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́, ṣùgbọ́n n kò tí ì rí àgbà tó fi ìdí gba ọjà là rí. Nígbà tó yá, Kámárádì gbà pé dòsíè ni yóò ṣáájú, kírónò ni yóò gbẹ̀yìn.

Mo fẹ́ràn àwọn ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Èmi ń gé, Kámárádì ń lẹ, Bàbá Akọ̀wé jókòó sórí àpótí rẹ̀, ó ń kùn. A ó kọrin tí rédíò ń kọ, Kámárádì á sì máa sọ bí ayé yóò ṣe rí fún mi: iná mànàmáná títí dé Lagbé lóko lọ́hùn-ún, ilé ìwé ní gbogbo abúlé. Mo gba gbogbo rẹ̀ gbọ́. Ojú wa kò sí lára ohun tí à ń lẹ mọ́. Ọwọ́ nìkan ló ń wá Dàhòmẹ̀ kiri, tó bá rí i, pà! ó ti bò ó. Ìdí nìyẹn tí àgbẹ̀ kan fi wọlé tọ̀ wá lọ́jọ́ kan pẹ̀lú ìbínú tó ju ara rẹ̀ lọ. Èèyàn kúkurú ni, ó ti ṣòwò pẹ́ ní òdìkejì ẹnu-bodè, àwọn ará ibẹ̀ ló sì sọ ọ́ ní Bàbá Dàhòmẹ̀. Orúkọ náà mọ́ ọn lára débi pé òun ló fi kọ ìwé ọ̀pẹ rẹ̀. Ó ti gba ìwé náà lọ́wọ́ wa láti fi han àna rẹ̀, ọmọ rẹ̀ tó mọ̀wé sì kà á sókè níwájú gbogbo ilé bí a ti lẹ̀ ẹ́: Bàbá Bẹ̀nẹ̀.

"Ta ló ní kí ẹ sọ mí di orílẹ̀-èdè?" ló ń ké. "Àna mi ti kúnlẹ̀ kí mi! Ó ní òun kò mọ̀ pé ìjọba ni òun fọmọ fún!"

Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi di tábìlì mú. Bàbá Akọ̀wé nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n gbé omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ wá, ó rọra ṣí pélébé náà kúrò lórí orúkọ ọkùnrin náà, ó sì fẹ́ atẹ́gùn sí i. Láti ọjọ́ náà la ti ń ka ìwé kí a tó lẹ nǹkan mọ́ ọn, fún bí ọjọ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà a tún bẹ̀rẹ̀ sí í kánjú.

Òjò dé. A ti parí gbogbo dòsíè, a tò wọ́n sórí pẹpẹ, wọ́n sì rẹwà lójú. Kámárádì mú ọjọ́ tí a ó ṣí kírónò, ó tilẹ̀ ti gbé ọpọ́n omi ẹ̀gẹ́ tuntun wá láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ibi tí a ti ń ro èyí tí a ó kọ́kọ́ lẹ ni Ìyá Lagbé ti wọlé.

Gbogbo wa la mọ Ìyá Lagbé. Opó ni, láti Lagbé, a sì máa fún wa ní àgbàdo sísun nígbàkígbà tó bá gbé epo wá. Òun àti ọkọ rẹ̀ ló gbin ọ̀pẹ wọn sórí ilẹ̀ ẹbí ọkọ, láti ìgbà tí ara wọn ṣì le. Bàbá ọkọ rẹ̀, tó jẹ́ olórí ẹbí nígbà náà, gbà níwájú ẹlẹ́rìí pé ẹbí ló ni ilẹ̀, tọkọtìyàwó ló ni igi, ẹni tó bá kẹ́yìn nínú wọn ni yóò sì máa kọ ọ́ títí dé orí ọmọ. Bàbá náà ti kú. Ọkọ náà ti kú. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ló kù fún un. Àbúrò ọkọ rẹ̀ wá jí lọ́jọ́ kan, ó ní ilẹ̀ àti igi, ti ẹbí ni gbogbo rẹ̀, ó sì ti rán àwọn ọ̀kọ̀pẹ wọ inú oko.

"Ọ̀la ni ìgbìmọ̀ ìlú yóò gbọ́ ẹjọ́ wa," ni Ìyá Lagbé wí, ó sì ń gbọn omi òjò kúrò lára gèlè rẹ̀. "Wọ́n ní kí n mú ìwé wá. Ẹ bá mi mú un, ẹ̀yin ọmọ mi. Bí wọ́n bá gba ọ̀pẹ yẹn, kí ni èmi àti ọmọ yẹn yóò máa jẹ?"

Mo dìde gẹ́gẹ́ bí ẹni tó mọṣẹ́. Mo fa dòsíè Lagbé yọ lórí pẹpẹ, mo ṣí i, aáyán sì tú jáde bí ẹni pé mo fọ́ ilé wọn. Wọ́n gun apá mi, wọ́n sá sábẹ́ tábìlì. Mo ké, mo ju dòsíè náà sílẹ̀. Nígbà tí a gbé e sórí tábìlì, a rí i pé níbikíbi tí a lẹ orúkọ tuntun mọ́, ihò ló wà níbẹ̀. Òjò àti ọ̀rinrin ti mú ẹ̀gẹ́ wa rọ̀, àwọn aáyán sì ti jẹ ẹ́, wọ́n jẹ pélébé, wọ́n jẹ ìwé tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ti Ìyá Lagbé kò ní orí, kò ní ìdí. Níbi òǹtẹ̀, nísàlẹ̀, níbi tí bàbá ọkọ rẹ̀ àti àwọn ẹlẹ́rìí ti tẹ̀ka, mo lè ti ọwọ́ mi bọ inú ihò náà kó yọ lódìkejì.

A ṣí àwọn dòsíè yòókù. Bákan náà ni púpọ̀ nínú wọn rí.

Ìyá Lagbé kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí kò lè ka ihò. Ó wo ìwé náà, ó wo ojú wa, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ní kó jókòó. Kò bú wa. Ì bá sàn kó bú wa. Èmi bú sẹ́kún, Kámárádì dúró bí òpó, ọpọ́n omi ẹ̀gẹ́ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran," ni Bàbá Akọ̀wé wí. Ó dìde lórí àpótí. "Ìyá, ìgbà wo lẹ wá síbí?"

"Ṣé mo mọ ọjọ́ ni, Bàbá? Ìgbà tí eyín ọmọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ ni. Ó ń ṣu gbuuru, mo pọ̀n ọ́n wá."

"Ní ìgbà ọ̀gbìn àbí ní ìgbà ìkórè?"

"Àgbàdo ti gbó."

Ó yọ kọ́kọ́rọ́ kúrò nínú àpò, ó ṣí kírónò. Kò sí aáyán kan níbẹ̀, nítorí pé kò sí ohun tí aáyán fẹ́ jẹ níbẹ̀. Ìwé lásán ló wà níbẹ̀, gbígbẹ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí wọn níkọ̀ọ̀kan, ó ń pa ètè dé, ó ń la ètè. Mo ti máa ń fi bó ṣe ń rọra ṣe nǹkan ṣe yẹ̀yẹ́. Lọ́jọ́ yẹn mo gbàdúrà pé kó má kánjú. Nígbà tó yá, ó fa ìwé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan jáde, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì. Ó pé. Ilẹ̀, igi, ààlà, àwọn àtàǹpàkò tó tò nísàlẹ̀ bí èso. Lókè rẹ̀, gàdàgbà, ni Dàhòmẹ̀ wà.

Gbogbo wa wo Kámárádì. Òun gan-an ni wọ́n rán wá kí irú ìwé bẹ́ẹ̀ má baà sí mọ́. Bó bá jáde pẹ̀lú orúkọ yẹn níwájú ìgbìmọ̀, ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ gba ipò rẹ̀ lè ní ó kọ ìyípadà sílẹ̀, a sì mọ ohun tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ń fà nígbà náà. Ó gbé ọpọ́n ẹ̀gẹ́ sílẹ̀. Ó nu ọwọ́ sára ṣòkòtò rẹ̀.

"Ìyá," ló wí, kò sì ní Kámárádì, "ẹ lọ sinmi. Èmi ni n ó gbé e lọ."

Lábẹ́ igi máńgòrò ni ìgbìmọ̀ jókòó sí ní ọjọ́ kejì, ilẹ̀ ṣì tutù. Àbúrò ọkọ Ìyá Lagbé mọ̀rọ̀ọ́ sọ. Nígbà tí wọ́n ka ìwé náà tán, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ̀yin kámárádì, ẹ ò gbọ́ orúkọ tí wọ́n pè níbẹ̀ ni? Ìwé òkú nìyẹn. Orílẹ̀-èdè tó ni ín ti kú." Àwọn èèyàn kùn. Alága wo Kámárádì pẹ̀lú ojú líle.

Kámárádì dìde. Ó ní, "Ọjọ́ tí wọ́n kọ ìwé yìí, orúkọ tí gbogbo wa ń jẹ́ nìyẹn. Bó bá jẹ́ orúkọ tuntun ló wà lórí rẹ̀, irọ́ ni ìbá jẹ́, nítorí ìwé kò lè dàgbà ju orúkọ rẹ̀ lọ. Àwa gbìyànjú láti fi orúkọ tuntun bo ti àtijọ́. Aáyán ló jẹ ẹ́." Ó jókòó. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn, alága kò rẹ́rìn-ín.

Ìyá Lagbé wá dìde. Ohùn rẹ̀ kò lọ sókè. "Orúkọ ìlú ti yí padà, mo gbọ́. Ọ̀pẹ mi kò ṣí kúrò níbi tó wà." Ó yíjú sí àbúrò ọkọ rẹ̀. "Ìwọ náà wà níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ìwọ lo bá mi gbé ọmọ nígbà tí mo fẹ́ tẹ̀ka. Ìwọ náà tẹ̀ ẹ́. Na àtàǹpàkò rẹ, kí wọ́n wò ó."

Gbogbo Lagbé ló mọ àtàǹpàkò yẹn. Àdá ti là á kọjá nígbà èwe rẹ̀, àpá náà sì gba àárín ìka bí ọ̀nà ẹsẹ̀. Alága gbé ìwé náà sókè sí ìmọ́lẹ̀. Nínú àwọn àtàǹpàkò tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ọ̀kan wà tí ìlà funfun là sí méjì. Wọ́n ní kí ọkùnrin náà na ọwọ́. Ó ká ìka rẹ̀ sínú àtẹ́lẹwọ́, ó dì í, kò sì ṣí i títí àwọn èèyàn fi bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Wọn kò wulẹ̀ wá yíǹkì mọ́. Ìyá Lagbé ló ni igi, òun àti ọmọ rẹ̀.

A bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́tun. Bàbá Akọ̀wé kọ́ wa bí a ó ṣe ṣe é, a sì gbọ́ lọ́tẹ̀ yìí. A ó mú dòsíè kan, ẹyọ kan. A ó fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ṣí pélébé tó kù. A ó gbé ìwé kọ̀ọ̀kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ èkejì rẹ̀ láti inú kírónò, èmi á kà, Kámárádì á máa fi ìka tọ̀ ọ́. Èyí tí aáyán ti bàjẹ́, mà á tẹ òmíràn, pẹ̀lú ọjọ́ òní àti orúkọ òní, a ó sì kọ ọ́ síbẹ̀ gbangba pé láti inú èyí àtijọ́ ni a ti dà á kọ. Títí ojú àwa méjèèjì yóò fi gbà pé ó dára, a kì í ṣí dòsíè mìíràn. Ó pẹ́ o. Òjò dá, ọyẹ́ dé, a ṣì ń ṣe é. Kò sí ìgbà tí mo tún láyọ̀ lẹ́nu iṣẹ́ tó ìgbà náà.

Nígbà tí àwọn aláṣẹ dé, ìwé tuntun la kó síwájú wọn, wọ́n yìn wá, wọ́n mu omi, wọ́n lọ. Kò pẹ́ sí i tí wọ́n gbé Kámárádì lọ sí ìlú mìíràn. Kò sọ ìdí rẹ̀, n kò sì bi í. Ó dọ̀bálẹ̀ fún Bàbá Akọ̀wé, ó ní, "Bàbá, ó dàbọ̀," ó bọ̀ mí lọ́wọ́, ó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ. Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìka mi tó yá tó bẹ́ẹ̀, kò kọ ìwé kan sí i láti sọ fún un.

Ọjọ́ ti lọ. Orílẹ̀-èdè wa tún yọ ọ̀rọ̀ kan kúrò lára orúkọ rẹ̀ lẹ́yìn ìgbà náà, Bàbá Akọ̀wé sì ti sùn tipẹ́. Mo ti fẹ̀yìn tì. Láìpẹ́ yìí, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Kútọnu, wá lo òpin ọ̀sẹ̀ lọ́dọ̀ mi. Ó gbé ẹ̀rọ rẹ̀ ka orí tábìlì ìjẹun, ó ní ilé iṣẹ́ àwọn ti yí orúkọ padà, òun sì ní láti pààrọ̀ rẹ̀ nínú ìwé tí kò lóǹkà. Ó ti kọ àṣẹ kékeré kan tí ẹ̀rọ yóò tẹ̀ lé, á sì ṣe gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Mo sún mọ́ ọn. "Gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà? Èkejì rẹ̀ ńkọ́?"

"Tàńtí, ẹ fọkàn balẹ̀," ló wí. "Ẹ̀rọ yìí kì í gbàgbé. Bí ìwé kọ̀ọ̀kan ṣe rí láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó fọwọ́ kàn án."

Ó fi í hàn mí. Ó kọ́kọ́ ní kí ẹ̀rọ náà kàn tọ́ka sí gbogbo ibi tí orúkọ àtijọ́ wà, láìfọwọ́ kan ọ̀kankan. Ó kà wọ́n. Ó rí i pé ọ̀kan nínú wọn, orúkọ èèyàn ni, ó yọ ọ́ kúrò. Ó rí àwọn ìwé àdéhùn àtijọ́, ó ní kí ẹ̀rọ fo gbogbo wọn. Lẹ́yìn náà ló wá ní kó ṣe é nínú àpò kan ṣoṣo. Èyí àtijọ́ yọ ní pupa, tuntun yọ ní àwọ̀ ewé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ó sì ń fi ìka tọ̀ ọ́, ìlà kan lẹ́yìn ìlà kan. Omi bọ́ lójú mi.

"Kí ló dé, Tàńtí?"

"Àgbà akọ̀wé kan wà tí ì bá fẹ́ rí èyí," ni mo wí.

Ó bi mí pé ta ni. N kò mọ ibi tí mo ti lè bẹ̀rẹ̀. Mo lọ sí ilé ìdáná, mo gbé ìgò epo tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn wá. Ọmọbìnrin Ìyá Lagbé, tí òun náà ti di ìyàwó ilé tó ní ọmọ-ọmọ, ló máa ń fi ránṣẹ́ sí mi lọ́dọọdún, láti ara ọ̀pẹ kan náà. Mo ṣí i. Mo ti àtàǹpàkò mi bọ epo tó wà létí ìgò, mo fa ìwé lásán kan sọ́dọ̀, mo sì tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀. Mo tún un bọ epo, mo fa ìwé mìíràn.

"Kí lẹ ṣe ń tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì?" ni ọmọ náà bi mí.

Mo ní kó gbé ẹ̀rọ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kó jókòó, kó na ọwọ́ tirẹ̀ náà wá.